Kọ̀ǹpútà Jídé àti Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Wa

Ṣadé, gbé e sílẹ̀. Mo ní kí o gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀. Má fa okùn dúdú inú rẹ̀ yọ, torí bí o bá fà á yọ, kò sẹ́ni tó lè bá mi dá a padà mọ́ ní gbogbo Sabon Gari yìí.

"Baba, menene wannan?"

Ẹ gbọ́ ọmọ ọmọ mi. Yorùbá ni mo fi bá a wí, Hausa ló fi ń bi mí pé kí nìyí. Ẹ má bá a wí, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó lẹ́jọ́, ẹ jókòó, kásẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ yẹn gan-an mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, ẹ pa fóònù yín. Ẹ pa á, mo ní.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo wọ rélùwéè láti Ìkìrun wá sí Kánò, èmi àti àpótí irinṣẹ́ kan. Àwọn Íbò tó sá lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà wá ṣílẹ̀kùn ilé wọn ni. Sabon Gari ìgbà náà, etí lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbé sípíkà síta. Ti ibí ń kọ jùjú, ti ọ̀hún ń kọ háíláìfù, ẹlẹ́kẹta ń lu orin fíìmù Íńdíà. Ọmọlanke mai ruwa tó ń ta omi á máa han gooro, ẹ̀rọ ata á máa pariwo, rélùwéè á fọn fèrè, gbogbo ajá Fagge tó múlé tì wá á sì dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, kó padà sí Ìkìrun. Ẹ̀yin wá jókòó síbí lónìí, kálukú ki nǹkan bọ etí, ilé pa lọ́lọ́, ẹ ní ọ̀làjú ni.

Rédíò ni mo ń tún ṣe. Àwọn Hausa ń pè mí ní Mai Rediyo, orúkọ yẹn sì mọ́ mi lára ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Bí Sallah bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn aláṣọ ọjà Kantin Kwari á máa to rédíò síwájú mi, kálukú ní òun fẹ́ fi gbọ́ ìròyìn òṣùpá. Lọ́jọ́ ọdún fúnra rẹ̀, àtonígbàgbọ́ àti mùsùlùmí wa la jọ ń lọ wo eré ẹṣin níwájú ààfin. Alàgbà ìjọ Aládùúrà wa á wọ sùtánà funfun, á gbé àga tirẹ̀ dání, nítorí orúnkún. Lónìí, bí ọdún bá ń bọ̀, àgádágodo làwọn èèyàn ń wá kún géètì. Ẹ má bi mí ẹni tó bà á jẹ́. Gbogbo wa la bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ wa náà ní sùúrù nínú. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà yẹn, a máa ń bi í léèrè ni. Ṣé iná ń wọlé? Ó ń wọlé. Ṣé ó dé ibi báyìí? Ó dé ibẹ̀. Ṣé ó kọjá? Kò kọjá. Ibi tí kò ti kọjá yẹn ni àìsàn wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́, ẹni tó gbé e wá ló ń purọ́. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ó pa fóònù, ẹ ó tan án, bí kò bá gbọ́, ẹ ó lọ ra òmíràn. Mo fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi yẹn pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wá gbá mi létí.

Ìyá wa ń bẹ ní Ìkìrun. Kò mọ̀wé, kò sí tẹlifóònù ládùúgbò rẹ̀, bí o bá sì kọ lẹ́tà, ẹni tó bá kà á fún un ti di ẹbí nìyẹn, kò sí àṣírí tí kò ní mọ̀. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ni gbogbo ọmọ Ìkìrun ti ń wá sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Màá ti ilẹ̀kùn, màá ní kí wọ́n sún mọ́ ọn. Obìnrin ìlú wa kan, Ìyá Alálùbọ́sà, tó ń kó àlùbọ́sà láti Kánò lọ sílé, ló ń bá wa mú un wọ rélùwéè. Lọ́jọ́ kan, Alàgbà ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ara le, pé ẹran làwọn fi ń jẹun láràárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn ní, "Ẹran wo? Kúlíkúlí tá a jẹ lánàá?" Ohùn ìyàwó bá kásẹ́ẹ̀tì dé Ìkìrun. Títí Alàgbà fi kú, Bàbá Kúlíkúlí ni wọ́n ń pè é nílé.

Ṣọ́ọ̀bù mi sì ní òfin kan. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n nígbà náà. Bí ti ẹnì kan bá ti bàjẹ́, tó kàn ń ké tí kò sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń kánjú ránṣẹ́ sílé lè mú un lò, kó sáà fi òmíràn dípò rẹ̀. Òfin dáadáa ni. Èmi ni mo ṣe é.

Jídé ni ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo lọ́kùnrin. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ó ń ṣe tíṣà ní Gwagwarwa. Kò rówó lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn sójà tún gbàjọba, òyìnbó kan tó ń ṣe títì, tí mo máa ń bá tún rédíò ṣe, ń palẹ̀ mọ́ lọ sílùú rẹ̀. Ó fi páálí kan ta mí lọ́rẹ. Kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀ o. Bọ́tìnnì lásán ni, kò lójú, kò lẹ́nu. Tẹlifíṣọ̀n ilé la fi ṣe ojú fún un, rédíò kásẹ́ẹ̀tì la sì fi ń bọ́ ọ. Bí a bá tan án, kò mọ nǹkan kan, bí ọmọ tuntun. Ohun tí a bá fẹ́ kó ṣe, inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa wà. A ó fi wáyà so rédíò mọ́ ọn, kásẹ́ẹ̀tì á máa yí títí tí èèyàn yóò fi jẹ máásà mẹ́ta tán, kó tó jí. Bí wáyà yẹn bá sì ti wọ ihò rẹ̀, rédíò kì í fọhùn síta mọ́. Èmi tí mo ń tún rédíò ṣe, mi ò gbọ́ ohùn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní kíláàsì Jídé, bíi Ṣadé yìí ni wọ́n rí. Èèyàn á bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á gbọ́, Hausa ni wọ́n á fi fèsì. Ó ń dùn ún. Ó ní òun máa kọ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá, kí ẹ̀rọ náà lè kọ́ àwọn ọmọ. Àmọ́ kọ̀ǹpútà òyìnbó ò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Jídé fi pẹ́ńsù ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìṣirò onílà, ó ń kun ojú ilà yìí, ó ń fi tọ̀hún sílẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà lè gbọ́. Odindi oṣù méje. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ẹ kọ́kọ́ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àmì lábẹ́ rẹ̀, ó pariwo débi pé ìyàwó mi sá jáde láti ilé ìdáná. Ó ya ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá tẹ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ á fọn fèrè kékeré. Bùnmi ọmọ mi, ìyá Ṣadé yìí, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Fèrè dún, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ tún ṣe é, Bọ̀ọ̀dá Jídé." Yorùbá ló sọ. Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú kásẹ́ẹ̀tì pupa kan ṣoṣo, irú èyí tí gbogbo wa ń rà. Jídé a máa gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́, rédíò ńlá ibẹ̀ ló fi ń gbà á sílẹ̀, torí òun ni ohùn rẹ̀ mọ́ jù.

Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, tó fẹ́ wá bá ìyá rẹ̀ ṣe Ìkórè ní ìjọ wa. Ó ti gbọ́ nípa Jídé. Ó ránṣẹ́ pé bí òun bá fojú ara òun rí iṣẹ́ náà, òun á mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, òun á sì gbọ́ bùkátà rẹ̀. Sátidé tó ṣáájú Ìkórè ni, aago mẹ́rin, nílé mi. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ìyá mi láyé nìyẹn.

Ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ náà, Jídé wà níléèwé. Ìyá Alálùbọ́sà já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mai Rediyo, rélùwéè fẹ́ gbéra o! Ṣé ẹ ò ní nǹkan kan fún Ìyá?" Kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nílẹ̀. Mo rí ọ̀kan lórí rédíò ńlá, kò ní páálí, ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí i lára. Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Ó figbe ta bí ẹ̀rọ ata tí kò sí ata nínú rẹ̀. Mo ní áà, ti oníbàárà kan ni, rédíò burúkú ti jẹ ẹ́. Mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ sí i fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo kí Ìyá wa, mo ṣàròyé ìrẹsì tó wọ́n, mo ní kí wọ́n bá wa fàdúrà ran Jídé lọ́wọ́, pé ó ní ẹ̀rọ kan tó fẹ́ fi han ọ̀gá ńlá ní Sátidé. Ìyá Alálùbọ́sà ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ àyà, ó sá lọ. Mo ya ọjà Singer lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun, pupa bíi ti tẹ́lẹ̀, mo tú ọ̀rá ara rẹ̀, mo gbé e síbi tí mo ti mú èkejì. Mo pa òfin mọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ara mi. Nígbà tí Jídé dé, ó mú un, ó fi sínú páálí rẹ̀, ó gbé e lọ sílé.

Láàárọ̀ Sátidé, ó tan ẹ̀rọ, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ó yí títí ó fi tán. Tẹlifíṣọ̀n kàn ń wò wá.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó. Kò jí."

Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi kalẹ̀, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀rọ léèrè. Iná ń wọlé. Fíúùsì ò jó. Tiransifọ́má ń gbóná bó ṣe yẹ. Mo fi òwú àti sípírítì nu orí irin tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, ó mọ́ tónítóní. A tún gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i, kò jí. Mo ní bóyá irin náà ló wọ́, mo fi sukudiráfà yí ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò jí. Mo tú ikùn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, mo ń yọ́ òjé sí ibi tí kò bàjẹ́. Oòrùn ti kan àtàrí. Ìyàwó mi ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun Jídé, ó fi kọ́ ìṣó. Jídé dúró lẹ́yìn mi, ó ń bá mi di wáyà mú.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, mo ní, "Yọ wáyà yẹn, jẹ́ kí n fi etí ara mi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà." Ó yọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Fúúú. Atẹ́gùn lásán.

"Kò yẹ kó dákẹ́ báyìí," ni Jídé wí. "Ṣe ló yẹ kó máa ké, Bọ̀ọ̀dá mi. Igbe burúkú, bí ẹ̀rọ ata. Igbe yẹn ni iṣẹ́ mi."

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo yí i wò. Ó ń dán, kò sí ibi tó ti ha lára rẹ̀, èyí tí mo rà ní Singer ni. Èkejì ti wà ní Ìkìrun, ohùn mi sì ti jókòó lé e lórí. Kò sí ohun tí mo lè tún ṣe níbẹ̀. Òótọ́ nìkan ló kù tí mo lè fún un: "Jídé, èmi ni." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bùnmi ń wò mí, èmi sì ni Mai Rediyo. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Níbo lo gbé e sí láti Tọ́sìdeè?"

"Lórí sípíkà tó wà ní pálọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ó parí! Oòfà wà nínú sípíkà, irin tó ń fa irin. Òun ló nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Odindi tíṣà! Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ pa á."

Mo tilẹ̀ jágbe mọ́ ọn, kó lè dà bí òótọ́. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èyí tí kò ṣẹ̀ ni mo gé lọ́jọ́ yẹn. Ó sì gbà mí gbọ́. Nílé tiwa, àbúrò kì í bi ẹ̀gbọ́n pé báwo lẹ ṣe mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Àìmọ̀kan mi ni," ló ń wí ṣáá. "Àìmọ̀kan mi ni."

Ọ̀gá náà dé ní aago mẹ́rin géérégé. Jídé ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ṣí ìwé ìṣirò tó ya ẹ àti ọ sí, ó ń ṣàlàyé. Ọkùnrin náà ṣí ojú ewé méjì, ó wo tẹlifíṣọ̀n tó ṣófo, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó dìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn ò dé. Lọ́jọ́ Ìkórè, Alàgbà gbàdúrà kíkan lórí Jídé, ó ní kí iná Ọlọ́run jó ẹni tó ń pa ògo ọmọ olómọ. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Tèmi ló ròkè jù.

Mo ní kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, kò dé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí. Ọdún kejì, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó padà sí Ìkìrun lọ ń ta sìmẹ́ǹtì. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Èmi náà ní ọ̀kan rí. Oòfà ni mo fi pa á." Èmi á jókòó níbẹ̀, màá máa jẹun lọ. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Èmi tí mo ṣu ú ni mi ò rí i gbàgbé.

Wọ́n tún ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Ìyá wa kú, mo wọ rélùwéè lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Àbẹ̀kẹ́, àbúrò wa obìnrin tó tọ́jú wọn, tú àpótí wọn. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n fi gèlè wé wọn. Ó yọ pupa kan. "Èyí ni Màámi fẹ́ràn jù," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Èmi ọmọ yín ti Kánò ni." Ohùn mi ni, ohùn ìgbà tí eyín mi pé. Nígbà tí mo dé orí ìrẹsì tó wọ́n, àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín. Mo dé ibi tí mo ti ní kí wọ́n fàdúrà ran Jídé lọ́wọ́ nítorí Sátidé. Mo dágbére. Ó dún kọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ni igbe yẹn bẹ́ jáde, ìyókù rẹ̀ tí ohùn mi ò dé.

Mo na ọwọ́ kí n pa á. Àbẹ̀kẹ́ gbá ọwọ́ mi mú. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Màámi kì í jẹ́ ká pa á. Títí dé òpin ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n á ní ariwo ibi tí àwọn ọmọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánò nìyẹn."

Jídé gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò wò mí. Ó tẹ orí ba, ó gbọ́ ariwo náà títí ó fi tán, gbogbo ẹ àti ọ àti ẹja tó kù níbẹ̀. Àwọn tó kù ti ń sọ̀rọ̀ mìíràn.

"Kì í ṣe oòfà," ló wí. Kò sọ ọ́ sókè.

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, bí àbúrò ṣe ń gbé nǹkan fún ẹ̀gbọ́n. "Ẹ gbà, Bọ̀ọ̀dá mi. Ohùn yín ló wà níbẹ̀."

Òun lo mú lọ́wọ́ yẹn, Ṣadé. Rédíò tí mo lè fi gbọ́ ọ ti kú tipẹ́, èmi tí mo ń jí wọn tẹ́lẹ̀ ò rí ohun èlò rẹ̀ rà mọ́. Kí lo ní?

"Baba, ka ba shi haƙuri?"

Ó ń bi mí bóyá mo bẹ Jídé. Ẹ̀yin tó kù ò ronú kan ìyẹn. Rárá o, ọmọ mi. Mo ti múra rẹ̀ tó ìgbà mélòó, ẹnu mi ò gbé e. Ó ń bọ̀ ní Ìkórè yìí, bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọọdún. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà yìí, á ní, "Ẹ kú ilé, Bọ̀ọ̀dá mi." Èmi ni màá wá ní kó dìde.